A Kì í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Ẹ̀kọ́ lórí Ìlànà Ìdálẹ́kọ̀ọ́ Àwọn Nọ́ọ̀sì

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kà lónìí dá lórí àwọn tó ń tọ́jú wa nígbà àìsàn, ìyẹn àwọn nọ́ọ̀sì. A fẹ́ mọ ẹni tó ń ṣe òfin nípa bí wọn yóò ṣe kọ́ iṣẹ́ wọn. A sì fẹ́ mọ ẹni tó yẹ kí ó wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń ṣe òfin náà. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá parí rẹ̀, ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè tó wà ní ìsàlẹ̀.

1. Obìnrin tó bímọ lóru

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ilé ìwòsàn kan ní Òkè-Ògùn. Ó lè jẹ́ ní Ṣakí, ó lè jẹ́ ní Ìsẹ́yìn, ó sì lè jẹ́ ilé ìlera kékeré ní abúlé kan tí oko iṣu yí ká. Ilẹ̀ ti ṣú. Wọ́n fi ọ̀kadà gbé obìnrin kan tó ń rọbí dé. Dókítà kò sí nítòsí. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu iṣẹ́.

Obìnrin náà bímọ. Ọmọ náà ké, inú gbogbo ènìyàn sì dùn. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kò tíì jókòó. Ẹ̀jẹ̀ ló ń wò. Ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ náà pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kíá, ó fún ìyá ọmọ ní abẹ́rẹ́. Ó fi ọwọ́ ra ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ kí ilé ọmọ lè le. Ó yẹ olóbì wò bóyá ó jáde tán. Ó wọn ìfúnpá rẹ̀. Ó sì ní kí ọkọ rẹ̀ wá ọkọ̀ sílẹ̀, bóyá wọn yóò ní láti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀jẹ̀ ti dá. Ìyá yè, ọmọ yè.

Níbo ni nọ́ọ̀sì yìí ti kọ́ gbogbo nǹkan wọ̀nyí? Ó kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́, ó sì kọ́ ọ ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, lọ́wọ́ àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú rẹ̀. Ẹnì kan ló pinnu iye ọdún tí yóò fi kọ́ ọ. Ẹnì kan ló pinnu iye ìgbà tí yóò gbẹ̀bí níṣojú olùkọ́ kí ó tó dá a ṣe. Bí ìpinnu náà bá dára, ìyá yóò yè. Bí kò bá dára, ọ̀rọ̀ lè di ẹkún. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìdálẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan gbogbo wa, títí kan ẹni tí kò ní nọ́ọ̀sì kankan nínú ẹbí rẹ̀.

2. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn aláṣọ òfì

Gbogbo ènìyàn ló mọ Ìsẹ́yìn mọ́ aṣọ òfì. Ọmọṣẹ́ yóò jókòó ti ọ̀gá rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ mọ òwú, yóò mọ bí a ti ń ta á, kí ó tó di pé wọ́n jẹ́ kí ó jókòó sí ìdí òfì. Nígbà tí ọ̀gá bá rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ iṣẹ́, yóò fún un ní òmìnira, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní fúrídọ́ọ̀mù.

Ká ní ẹnì kan tí kò fọwọ́ kan ọ̀kọ̀ ahunṣọ rí bá dìde láti ìlú ńlá, tí ó ní: "Láti òní lọ, oṣù mẹ́ta péré ni kí ọmọṣẹ́ máa fi kọ́ aṣọ híhun. Kí ọ̀gá kan sì máa gba ogójì ọmọṣẹ́." Kí ni àwọn aláṣọ òfì yóò sọ? Wọ́n á ní: "Ta lẹ bi léèrè? Òfì mélòó ni ogójì ọmọ yóò jókòó sí? Ta ni yóò sì máa wo ọwọ́ wọn?"

Kò burú kí ìjọba fẹ́ kí aṣọ pọ̀ lọ́jà. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà lọ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Bí aṣọ bá bàjẹ́, a lè tú u, kí a tún un hun. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí kò láàrọ̀. Bí ó bá yẹ kí a bi aláṣọ òfì léèrè kí a tó ṣe òfin nípa ọmọṣẹ́ rẹ̀, mélòó-mélòó ni ti nọ́ọ̀sì!

3. Ta ló ń ṣe òfin ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì?

Ní Nàìjíríà, òfin lórí iṣẹ́ yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1930 ni ìjọba amúnisìn ṣe òfin nípa àwọn agbẹ̀bí. Ní 1947 ni wọ́n ṣe òfin tó dá Ìgbìmọ̀ Àwọn Nọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ méjèèjì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ títí di 1979, nígbà tí ìjọba pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Ìgbìmọ̀ Àwọn Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí Nàìjíríà ni a ń pè é.

Iṣẹ́ mẹ́rin pàtàkì ni Ìgbìmọ̀ yìí ń ṣe. Òun ló ń sọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ kọ́. Òun ló ń fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ tó bá yẹ. Òun ló ń ṣe ìdánwò ìkẹyìn. Òun náà ló sì ń fún nọ́ọ̀sì ní ìwé àṣẹ. Ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ yìí kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì, bó ti wù kí ó mọ abẹ́rẹ́ gún tó.

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ̀. Ìgbìmọ̀ yàtọ̀ sí Ẹgbẹ́. Òfin ló dá Ìgbìmọ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti dáàbò bo aláìsàn, kí ẹni tí kò mọṣẹ́ má bàa tọ́jú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ló ń dá Ẹgbẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti jẹ́ ẹnu fún wọn. Ẹgbẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì wa ni Ẹgbẹ́ Àwọn Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí Nàìjíríà, tí a ń fi lẹ́tà márùn-ún pè ní NANNM. Ní 1978, nígbà tí ìjọba tún àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè yìí tò, ni ó di ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lábẹ́ òfin.

4. Ohun tí nọ́ọ̀sì lè ṣe bí a bá gbọ́ ohùn rẹ̀

Ẹnì kan lè béèrè pé: "Kí ni nọ́ọ̀sì mọ̀ nípa òfin? Kó máa gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ." Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn Ìyáàfin Kofoworola Abẹni Pratt dá a lóhùn.

Èkó ni wọ́n bí i sí, ní 1915. Ó ti ṣe tíṣà kí ó tó lọ sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní 1946 láti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn St Thomas'. Nígbà tó padà sílé, ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì ní Ìbàdàn, èyí tí àwa ará Òkè-Ògùn mọ̀ sí UCH. Ní 1964 ó di métírọ́ọ̀nù ibẹ̀. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jókòó sí ipò náà. Lẹ́yìn náà ó di olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ sílẹ̀. Ó sì wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ kí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó wọ Yunifásítì Ìbàdàn ní 1965.

Ẹ ṣàkíyèsí èyí. Obìnrin tó ti dúró ti aláìsàn lóru ló mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì dé yunifásítì. Ìmọ̀ rẹ̀ láti wọ́ọ̀dù ló bá a dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìlànà. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, gbogbo ìlú ni yóò pàdánù.

5. Àdéhùn tí ayé ṣe ní 1977

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí Nàìjíríà nìkan. Àjọ kan wà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní gbogbo ayé. ILO ni wọ́n ń pè é. Ìlú Geneva, ní ilẹ̀ Switzerland, ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Nàìjíríà di ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1960, ọdún tí a gba òmìnira. Ní ìpàdé àjọ yìí, oríṣi ènìyàn mẹ́ta ló máa ń jókòó pọ̀ láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan: àwọn aṣojú ìjọba, àwọn aṣojú agbanisíṣẹ́, àti àwọn aṣojú òṣìṣẹ́.

Ní oṣù Okúdù, ọdún 1977, wọ́n ṣe àdéhùn kan nípa àwọn nọ́ọ̀sì. Òun ni àdéhùn kọkàndínláàádọ́jọ nínú àwọn àdéhùn àjọ náà, ìyẹn 149. Ní èdè tó rọrùn, ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí. Kí orílẹ̀-èdè tó bá fọwọ́ sí i ní ìlànà nípa iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Kí ìlànà náà fún nọ́ọ̀sì ní ẹ̀kọ́ tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Kí ó sì jẹ́ kí owó oṣù àti ipò iṣẹ́ rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn yóò fi fẹ́ wọ iṣẹ́ náà, tí àwọn tó ti wọ̀ ọ́ kò sì ní fẹ́ fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àdéhùn náà sọ pé, kí wọ́n tó ṣe ìlànà yìí, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ lọ ẹgbẹ́ àwọn agbanisíṣẹ́ àti ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà kàn, níbi tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wà.

Ẹ wo bí wọ́n ti so ẹ̀kọ́ pọ̀ mọ́ owó oṣù. Wọ́n mọ̀ pé bí a bá kọ́ ọgọ́rùn-ún nọ́ọ̀sì, tí ọgọ́rin sì lọ, omi inú ajere ni à ń pọn. Ta ló sì lè sọ ohun tó ń lé wọn lọ ju àwọn fúnra wọn lọ?

6. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2024

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì wa ń kó lọ sí òkè òkun. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka orúkọ orílẹ̀-èdè 55 tí òṣìṣẹ́ ìlera wọn kò tó, tí kò sì yẹ kí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn máa dìídì wá kó òṣìṣẹ́ wọn lọ. Nàìjíríà wà nínú wọn.

Nọ́ọ̀sì tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ní òkè òkun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní kí Ìgbìmọ̀ jẹ́rìí sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ní ọjọ́ keje oṣù Èrèlé, ọdún 2024, Ìgbìmọ̀ gbé ìlànà tuntun jáde lórí èyí. Ó ní nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, ó kéré tán, lẹ́yìn tó gba ìwé àṣẹ rẹ̀ gan-an, kí ó tó lè béèrè fún ẹ̀rí náà. Ó ní kí ó mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà ibi iṣẹ́ rẹ̀ àti láti ilé ẹ̀kọ́ tó ti jáde kẹ́yìn. Ó sì ní ọjọ́ kìíní oṣù Ẹrẹ́nà ni ìlànà náà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀rọ̀ fi di ariwo. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Èrèlé, àwọn nọ́ọ̀sì tú jáde lọ sí ọ́fíìsì Ìgbìmọ̀ ní Abuja àti ní Èkó láti fi ẹ̀hónú hàn. Wọ́n ní ìlànà náà dínà mọ́ àwọn. Wọ́n ní owó oṣù tó kéré àti iṣẹ́ tó wọni lọ́rùn ló ń lé àwọn lọ.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ nípa ìhà méjèèjì. Ẹni tó fara mọ́ ìlànà náà lè sọ pé: "Ìlú ló náwó lé ẹ̀kọ́ wọn lórí. Ṣé kí wọ́n má tilẹ̀ sin ìlú díẹ̀ kí wọ́n tó lọ? Ta ni yóò wá tọ́jú aláìsàn ní Ìgbòho àti Òkèhò?" Ọ̀rọ̀ gidi ni. Nọ́ọ̀sì náà lè dáhùn pé: "Bàbá mi ta iṣu, ìyá mi ta èlùbọ́, kí n tó san owó ilé ẹ̀kọ́. Ẹ so mí mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò tún ilé tí ẹ so mí mọ́ ṣe." Ọ̀rọ̀ gidi ni èyí náà.

Ibi tí ẹ̀kọ́ wa wà nìyí. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹ kí ó jáde lẹ́nu nínú yàrá ìpàdé, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ìwé. Nígbà tí ó wá jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, nínú oòrùn, pẹ̀lú páálí lọ́wọ́, ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń sọ tiwọn, ìbínú ti wọ̀ ọ́. Kò rọrùn mọ́ kí ẹnikẹ́ni padà sẹ́yìn.

Ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà, ní ìparí oṣù Agẹmọ 2025, ẹgbẹ́ NANNM bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè. Wọ́n dá a dúró ní ọjọ́ kejì oṣù Ògún, lẹ́yìn tí wọ́n bá ìjọba sọ̀rọ̀. Wọ́n béèrè owó àjẹmọ́nú, wọ́n sì ní kí ìjọba gba nọ́ọ̀sì púpọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n tún béèrè pé kí ẹ̀ka tó jẹ́ ti nọ́ọ̀sì wà ní ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ìlera. Ẹ wo èyí dáadáa. Àga ni wọ́n ń béèrè níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìlànà.

7. Ẹ̀bù iṣu àti ilẹ̀ oko

Ìjọba àpapọ̀ ti sọ pé òun fẹ́ kí iye akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ti nọ́ọ̀sì àti ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yòókù lọ sókè, láti 28,000 sí 64,000 lọ́dún. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí a wá gbọ́ ọ̀rọ̀ tó lè wáyé láàárín bàbá àgbẹ̀ kan, tí ìyàwó rẹ̀ wà ní wọ́ọ̀dù, àti nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́.

BÀBÁ: Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ alẹ́ o.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ò tíì sùn?

BÀBÁ: Oorun wo? Láti ìrọ̀lẹ́ ni mo ti ń wò ọ́, ọmọ mi. Ìwọ nìkan lò ń sáré láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n fẹ́ kọ́ nọ́ọ̀sì tó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìyẹn á dín wàhálà rẹ kù.

NỌ́Ọ̀SÌ: Á dáa bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ohun tí à ń fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Bí wọ́n bá kó ẹ̀bù iṣu ìlọ́po méjì fún yín, tí ilẹ̀ yín ò fẹ̀ sí i, tí ẹ ò sì rí ẹni tó máa bá yín kọ ebè, ṣé iṣu yín á di ìlọ́po méjì?

BÀBÁ: Rárá o! Ẹ̀bù á kàn jẹrà sílẹ̀ ni.

NỌ́Ọ̀SÌ: Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. Bí akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá bá yí bẹ́ẹ̀dì kan ká, àwọn méjì tó sún mọ́ ọn ló máa rí ohun tí mò ń fi ọwọ́ mi ṣe. Àwọn tó kù, ẹ̀yìn ẹlẹgbẹ́ wọn ni wọ́n máa rí. Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n á mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n.

BÀBÁ: Ẹ̀rù bà mí o. Ṣé o ti sọ fún àwọn tó ń ṣe òfin?

NỌ́Ọ̀SÌ: Bàbá, ohùn èmi nìkan ò lè dé Abuja láti ibí. Ìdí tí a fi ní ẹgbẹ́ nìyẹn.

BÀBÁ: Òótọ́ ni. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ tèmi náà, má bínú. Nígbà tí ẹgbẹ́ yín bá jókòó pẹ̀lú ìjọba, kí ó má jẹ́ ọ̀rọ̀ owó oṣù nìkan lẹ máa sọ o. Lọ́jọ́ tí ẹ yanṣẹ́ lódì, àwa la wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ jàre, Bàbá. Mi ò lè jiyàn. Ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá yìí, tiyín ni, tiwa náà ni. Òun gan-an ló yẹ ká máa kọ́kọ́ sọ.

BÀBÁ: Ó yẹ kí wọ́n bi yín, ó sì yẹ kí ẹ rántí wa. Tóò, lọ wo ẹni tó ń pè ọ́ yẹn.

8. Báwo ni a ti ń fi ọ̀rọ̀ lọ òṣìṣẹ́?

Àwọn mìíràn rò pé bí a bá ti pe ènìyàn sí ìpàdé, tí a fún un ní omi inú ọ̀rá àti bisikíìtì, a ti fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan márùn-ún ló yẹ kí ó wà níbẹ̀.

Èkíní, àkókò. Kí a sọ fún wọn nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì rọ̀, kí ìwé tó gba òǹtẹ̀. Ìgbà tí amọ̀ bá ṣì tutù là ń fi mọ ìkòkò.

Èkejì, ìwé. Kí a fún ẹgbẹ́ ní ohun tí a fẹ́ ṣe ní kíkọ, pẹ̀lú ìṣirò rẹ̀: iye akẹ́kọ̀ọ́, iye olùkọ́, iye bẹ́ẹ̀dì, iye owó. Ẹni tí kò rí ìwé kò lè fèsì tó mọ́gbọ́n wá.

Ẹ̀kẹta, etí. Kí a gbọ́ ti ẹni tó wà lókèèrè pẹ̀lú. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ní Kíṣì tàbí Ìgbẹ́tì mọ ohun tí ẹni tó wà ní Abuja kò mọ̀. Ó mọ̀ pé òun nìkan ló ń gbẹ̀bí, òun ló ń tọ́jú ẹni tí ejò bù jẹ lóko, òun ló sì ń tọ́jú ọmọ tí ibà sọ di onígìrì. Ẹ̀kọ́ tí a bá ṣe fún nọ́ọ̀sì ìlú ńlá nìkan kò ní tó fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, èsì. Bí ìjọba bá gba ìmọ̀ràn wọn, kí ó sọ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá gbà á, kí ó sọ ìdí rẹ̀. Ohun tó máa ń dun ènìyàn jù ni pé kí ó sọ̀rọ̀, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́ sínú kànga.

Ẹ̀karùn-ún, àtúnwò. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, kí wọ́n tún jókòó, kí wọ́n wo ibi tí ìlànà náà dára sí àti ibi tó kù sí.

Èyí kò wí pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló ni òfin o. Ìjọba ni yóò ṣe ìpinnu ìkẹyìn, nítorí pé aláìsàn, òbí akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tó ń san owó orí náà ní ẹ̀tọ́ nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan lè fẹ́ kí iye ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kéré kí owó wọn lè pọ̀. Ìjọba kan lè fẹ́ kí iye nọ́ọ̀sì pọ̀ kí ó lè fi yangàn. Bí àwọn méjèèjì bá jókòó pọ̀, tí wọ́n tẹ́ ìwé sílẹ̀, ọ̀kan yóò rí àṣìṣe èkejì. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

9. Kí ni àwa lè ṣe?

Má sọ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni, kò kàn mí. Nǹkan mẹ́ta wà tí àwa tó wà ní Òkè-Ògùn lè ṣe.

Ìkíní: ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù wà tó yẹ kí ó máa rí sí ilé ìlera àdúgbò. Ẹ máa lọ sí ìpàdé rẹ̀. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ilé ìlera, ẹ dìde, ẹ béèrè pé: "Níbo ni nọ́ọ̀sì wà? Ṣé ẹ ti bi í léèrè?" Ìbéèrè kékeré ni, ṣùgbọ́n ó lè gba owó ìlú lọ́wọ́ ìfiṣòfò.

Ìkejì: bí ọmọ yín bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ wádìí kí ẹ tó san owó. Ṣé Ìgbìmọ̀ Àwọn Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí ti fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ náà? Ẹ béèrè ìwé, kí ẹ kà á fúnra yín. Ẹ ti mọ̀ ọ́n kà báyìí. Ẹni tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ tí Ìgbìmọ̀ kò fọwọ́ sí kò lè gba ìwé àṣẹ, owó iṣu yín yóò sì ti wọlẹ̀.

Ìkẹta: ẹ máa ṣe é nínú ẹgbẹ́ tiyín pẹ̀lú. Bóyá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ni, bóyá ẹgbẹ́ aláṣọ òfì, bóyá ẹgbẹ́ onímọ́tò. Kí ẹ tó ṣe òfin nípa ọmọṣẹ́, ẹ pe àwọn ọmọṣẹ́ náà, kí ẹ gbọ́ tẹnu wọn. Ẹni tí kì í bi ọmọṣẹ́ rẹ̀ léèrè kò lè bínú bí ìjọba kò bá bi òun.

Ẹ rántí obìnrin tó bímọ lóru nínú ìtàn wa. Kò mọ Abuja, kò mọ Geneva. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Bí a bá ń jókòó láti sọ bí a ó ti kọ́ ọwọ́ náà níṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni ọwọ́ wà níbẹ̀. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí.

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TÓ YẸ KÍ A MỌ̀

Ìlànà: ọ̀nà tí ìjọba tàbí ìgbìmọ̀ là sílẹ̀ pé kí iṣẹ́ máa gbà.
Fi ọ̀rọ̀ lọ̀: kí a sọ ohun tí a fẹ́ ṣe fún ẹni tí ó kàn, kí a sì gbọ́ tirẹ̀ kí a tó ṣe é.
Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́: ẹgbẹ́ tí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà dá sílẹ̀ láti jẹ́ ẹnu fún wọn.
Ìwé àṣẹ: ìwé tí òfin fún ènìyàn pé ó lè ṣe iṣẹ́ kan.

ÌBÉÈRÈ

1. Nǹkan wo ni nọ́ọ̀sì ń wò lẹ́yìn tí obìnrin inú ìtàn wa bímọ? Kí ni ó ṣe sí i?
2. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín Ìgbìmọ̀ Àwọn Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí àti ẹgbẹ́ NANNM?
3. Ọdún wo ni wọ́n ṣe àdéhùn àgbáyé nípa àwọn nọ́ọ̀sì? Àwọn wo ni ó ní kí a fi ọ̀rọ̀ lọ̀?
4. Kí ló fa ìfẹ̀hónúhàn ọjọ́ kejìlá oṣù Èrèlé, ọdún 2024? Sọ ohun tí ìhà kọ̀ọ̀kan lè sọ.
5. Bàbá àgbẹ̀ ní kí ẹgbẹ́ má sọ ti owó oṣù nìkan. Ṣé ó tọ̀nà lójú tìrẹ? Kọ ìdáhùn rẹ ní ìlà márùn-ún.
6. Ronú nípa òfin kan tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́ rẹ, ní ọjà tàbí ní àdúgbò rẹ láìbi yín léèrè. Báwo ló ṣe parí? Sọ ọ́ fún kíláàsì.